Omi Inú Àpáta: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Kí A Tó Gbẹ́ Bóhóòlù Mìíràn ní Èkìtì

Okùn kànga ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ ní kókó mẹ́jọ lára. Ìyá mi ló ta wọ́n. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó fi wọn àlàfo tó wà láàárín kókó kan sí èkejì. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí òjò bá ti rọ̀ títí wọ oṣù kẹwàá, kókó kejì ló máa ń wà lọ́wọ́ wa nígbà tí garawa bá kan omi. Tó bá di oṣù kẹta, tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú dáadáa, kókó karùn-ún ni. Nísinsìnyí, kókó kẹjọ ti ń wọ inú kànga lóṣù kẹta, a sì ti so okùn mọ́ okùn.

Ṣé àwọn bóhóòlù tó yí wa ká ló fà á ni? Àbí òjò ló dín kù? Àbí sìmẹ́ńtì tí gbogbo wa fi bo àgbàlá ni kò jẹ́ kí omi wọlẹ̀ mọ́? Kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú dáhùn, nítorí yàtọ̀ sí okùn ìyá mi, kò sí ẹni tó ń wọn omi ní àdúgbò wa. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. À ń gbẹ́ ilẹ̀ lójoojúmọ́, à ń fa omi tọ̀sántòru, a kò sì mọ iye tó wà nísàlẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn kàn fẹ́ràn bóhóòlù. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ ilé, àwọn ibi tó sì dé, kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń yọ. Ẹni tó bá kọ́lé tuntun ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ọ̀yẹ́, owó bóhóòlù ti wà nínú ìṣirò rẹ̀ kí ó tó ra páànù. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a á gbẹ́ kànga. Ẹni tí kò lè ṣe èyí tàbí ìyẹn á gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sílé aládùúgbò. Báyìí ni ìpèsè omi ṣe di bùkátà olúkúlùkù. Nítorí pé olúkúlùkù ló ń dá tirẹ̀ ṣe, ó jọ pé omi olúkúlùkù dá wà lábẹ́ ilé rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ olókìtì ni ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà ní inú ọ̀rọ̀ òkìtì gan-an ni orúkọ Èkìtì ti jáde. Àwọn òkè wọ̀nyí, Ọlọ́sùnta ní Ìkẹ́rẹ́ àti àwọn òkè tó yí Adó ká, wọn kò dá dúró lórí ilẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn gbé odó kalẹ̀. Orí àpáta kan tó gba abẹ́ gbogbo wa kọjá ni wọ́n jẹ́. Ibi tí a kò ti rí òkè, erùpẹ̀ ló bò ó. Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí mọ̀ pé iyanrìn ló pọ̀ lábẹ́ ibẹ̀, ìpele lórí ìpele, omi sì tàn kálẹ̀ nínú rẹ̀. Tí ti aládùúgbò bá yọ omi lọ́hùn-ún, tìrẹ náà kò ní ṣàì yọ. Ní Èkìtì, ẹ lè gbẹ́ mítà 60 kí ẹ má rí ju eruku lọ, kí omi sì máa tú jáde ní òdìkejì ọgbà yín.

Ìdí rẹ̀ ni pé àpáta tó dì kì í gba omi sára. Ibi méjì péré ni omi lè sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. Èkíní ni òkúta tó ti jẹrà. Láti ọdún tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, òjò àti oòrùn ti ń jẹ ojú àpáta, wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tó wà láàárín òkúta àti erùpẹ̀. Tí ẹ bá wo ara ibi tí katapílà ti gé òkè láti la títì, ẹ ó rí i: àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ẹ lè fi ọwọ́ rún un, síbẹ̀ ìlà òkúta àtijọ́ ṣì hàn lára rẹ̀. Ibì kan wà tí kò nípọn ju mítà mélòó kan lọ, ibòmíràn á tó mítà 20 tàbí 30. Èkejì ni ibi tí àpáta ti sán nísàlẹ̀. Omi a máa gba ojú sísán wọ̀nyẹn kọjá bó ṣe ń gba ara ìkòkò tó là. Tí sísán bá wà, tó sì so mọ́ òkúta jíjẹrà tó nípọn lókè, àká omi gidi nìyẹn. Tí ọ̀kan bá wà láìsí èkejì, omi lè yọ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá ti dé Ìkọ̀gòsì ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí mò ń sọ. Omi gbígbóná àti omi tútù níbẹ̀, inú àpáta ni wọ́n ti ń jáde wá. Òkúta funfun líle tí wọ́n ń pè ní quartzite, irú èyí tó lọ bí ẹ̀yìn ẹran ní agbègbè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, a máa sán jinlẹ̀. Omi òjò á wọ inú rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, kó tó tún rí ọ̀nà gòkè. Òkúta dúdú aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní charnockite, tó pọ̀ ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́, yàtọ̀ sí i. Ó le, ó dì, tó bá sì jẹrà, amọ̀ ló sábà máa ń dà. Bẹ́ẹ̀, amọ̀ a máa mu omi bí gàrí ṣe ń mu omi gbígbóná. Ìgbà tí ẹ̀bà bá ti dì tán, omi ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fún un jáde?

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo wa.

Òjò tó ń rọ̀ ní Èkìtì lọ́dún kan tó mílímítà 1,300, ká dá a sí bẹ́ẹ̀. Mílímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóòró jẹ́ lítà omi kan. Pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ́nà 100 fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 465. Nítorí náà, òjò tó ń rọ̀ sórí pílọ́ọ̀tì kan lọ́dún lé ní lítà 600,000. Ó pọ̀, àbí? Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni oòrùn fà padà, tí igi àti koríko mu, tí àgbàrá sì wọ́ lọ sínú odò. Díẹ̀ ló ń dé inú àká. Ká ní ìdámẹ́wàá rẹ̀ ló dé ibẹ̀, lítà 60,000 nìyẹn lọ́dún. Tí a bá pín in sí ọjọ́ 365, ó kù díẹ̀ kó tó lítà 165 lójúmọ́. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 30 ti kọjá iye yẹn ná.

Ẹ wá fojú inú wo iléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá tó ń fa lítà 10,000 lójúmọ́. Omi òjò tó wọlẹ̀ lórí pílọ́ọ̀tì bí 60 ló ń lò. Ẹ fi ibi ìfọmọ́tò, àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù, àti àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ nínú odò onísìmẹ́ńtì kún un. Mi ò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jà, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Mo kàn fẹ́ kí a rí i pé omi tí ẹnì kan ń fà lórí pílọ́ọ̀tì kan lè jẹ́ ti àdúgbò odindi.

Ohun kan tún wà tí okùn ìyá mi ń sọ. Òkúta jíjẹrà kì í fi gbogbo ara gba omi bí táńkì. Tí omi kànga bá fi mítà kan lọ sílẹ̀, omi tó kúrò lábẹ́ mítà onígun mẹ́rin kan lè má ju lítà 20 sí 50 lọ. Ìyókù gbogbo, òkúta àti amọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí omi kànga wa fi ń yára gòkè tí òjò bá rọ̀, tó sì ń yára sọ̀ kalẹ̀ nígbà ọyẹ́. Àká tiwa kéré. Òjò ọdún kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù di ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra ilẹ̀ lójú ọ̀nà tó ti Adó lọ sí Ìwòrókò. Ẹni tó kọ́kọ́ gbẹ́ bóhóòlù fún un kò yẹ ilẹ̀ wò rárá. Ó mú wáyà méjì lọ́wọ́, ó rìn yíká, àwọn wáyà náà kọjá lórí ara wọn, ó ní ibẹ̀ ni omi wà. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé mítà 60, eruku funfun bíi láfún ló ń fọ́n jáde láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejì wọ́n sún síwájú ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n tún gbẹ́, eruku náà ló tún yọ. Owó ihò méjèèjì, ẹ̀gbọ́n mi ló san án. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ló pe àwọn tó kàwé nípa òkúta. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan gbọọrọ, wọ́n fa wáyà mọ́ wọn, wọ́n wá fi bátìrì rán iná wọlẹ̀ láti ara irin méjì tó wà lóde. Àwọn irin méjì àárín ni wọ́n fi ń gbọ́ bí iná náà ṣe ń rìn. Àpáta tó dì kì í fẹ́ kí iná gba ara òun kọjá, ibi tí omi tàbí amọ̀ bá wà sì máa ń gbà á láàyè. Bí wọ́n ṣe ń sún irin òde jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni iná ń jinlẹ̀ sí i, ọmọkùnrin kan sì ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Ọ̀gá wọn ṣàlàyé fún mi pé tí nọ́ńbà bá ti kọjá 1,000, àpáta líle tí kò tíì jẹrà ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá wá kéré gan-an, tó lọ sí ìsàlẹ̀ 100, kí n má tíì yọ̀, amọ̀ lásán lè ni. Ohun tó ń wá ni ibi tí nọ́ńbà ti lọ sókè bíi ti àpáta, tó tún wá rọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀: ó ṣeé ṣe kí àpáta ti sán níbẹ̀. Igun kan lẹ́yìn ilé ló ti rí i, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́ ilé adìyẹ sí.

Nígbà tí rígì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ bóhóòlù, dé, mítà 34 ni eruku yí àwọ̀ padà. Ó kọ́kọ́ di búráùn, ó rin, ó di ẹrẹ̀, omi sì tú sókè. Gbogbo wa hó. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà kò jẹ́ kí wọ́n palẹ̀ mọ́. Ó ní fífọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọ kànga fún wákàtí kan kọ́ ni ìdánwò. Ní ọjọ́ kejì ó sọ ẹ̀rọ súmò sínú rẹ̀, ó ń fa omi, ó sì ń wọn ibi tí omi wà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà láti wákàtí dé wákàtí. Omi tó wà ní mítà 9 já wálẹ̀ dé 26. Ó dín fífà kù títí omi fi dúró lójú kan. Ó wá ní: “Ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ilẹ̀ yìí lè fún yín. Ẹ má ra súmò tó lágbára ju ìyẹn lọ.” Lítà 1,800 ní wákàtí kan nìyẹn, ó tó ìdílé, ó tún ṣẹ́kù. Lẹ́yìn tó pa ẹ̀rọ, ó ṣì jókòó ti kànga náà, ó ń wo bí omi ṣe ń gòkè padà.

Ìdánwò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dín owó kù, ibẹ̀ ló sì ti ń dùn wọ́n jù. Tí súmò bá lágbára ju ibi tí omi ti ń wọlé lọ, omi á sọ̀ kalẹ̀ kọjá ojú sísán, ẹ̀rọ á máa fa afẹ́fẹ́ àti ẹrẹ̀, á jóná. Wọ́n á ní kànga ti gbẹ. Nígbà míì kò gbẹ, à ń fi agbára fà á ni. Bákan náà, bóhóòlù tí wọ́n dánwò lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí ilẹ̀ ti mu omi yó, kò tíì sọ ohun tí yóò ṣe lóṣù kẹta. Kànga tí a ń fi ọwọ́ gbẹ́, àwọn agbẹ́kànga àtijọ́ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, kí wọ́n lè bá omi níbi tó rẹlẹ̀ sí jù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin kò ṣeé fi sílẹ̀. Omi tó wà nínú òkúta jíjẹrà kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, ohun tó sì wà lójú ilẹ̀ náà ló ń wọ̀ ọ́. Sókàwéè àti ṣáláńgá yẹ kó fi ó kéré tán mítà 30 jìnnà sí kànga, ẹ sì rántí pé gígùn pílọ́ọ̀tì kan látòkè délẹ̀ kò ju mítà 30 àti díẹ̀ lọ. Tí èèyàn bá tilẹ̀ ṣe tirẹ̀ dáadáa, sókàwéè aládùúgbò lè wà lẹ́yìn ògiri níbi tí kànga tirẹ̀ wà gan-an. Ibẹ̀ ni táífọ́ọ̀dù àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń wá. Èròjà tí wọ́n ń pè ní nitrate, tó ń wá láti inú ìgbẹ́ àti ajílẹ̀, kì í ní òórùn, kì í ní àwọ̀, sísè kì í sì í mú un kúrò. Tó bá ti kọjá mílígíráàmù 50 nínú lítà kan, ó léwu fún ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ gbé omi lọ fún àyẹ̀wò. Omi tó mọ́ gaara lójú kò tíì jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ihò tó gbẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ṣíṣí tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí tààrà ni àgbàrá ń gba inú rẹ̀ lọ bá omi tí àwọn aládùúgbò ń mu. Ẹ̀gbọ́n mi fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì dí méjèèjì tirẹ̀ pa.

Kí ni àwọn tó ní irú òkúta tiwa, tí òjò wọn sì kéré ju tiwa lọ, ti ṣe? Ní Andhra Pradesh, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, àpáta bíi tiwa ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ oko, àwọn àgbẹ̀ sì ti gbẹ́ bóhóòlù débi pé púpọ̀ nínú wọn gbẹ. Láti bí ọdún 2003, ètò kan tí àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, FAO, wà lẹ́yìn rẹ̀ kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè 7 tí ọ̀dá ti ń yọ lẹ́nu láti máa wọn òjò àti omi kànga fúnra wọn. Wọ́n ń kọ ọ́ síbi tí gbogbo abúlé ti lè rí i. Kí ìgbà ọ̀gbìn ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, wọ́n á jókòó, wọ́n á ṣírò omi tó wà nílẹ̀ àti èyí tí ohun tí wọ́n fẹ́ gbìn yóò mu. Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbin ìrẹsì. Ọ̀pọ̀ ló fi ọwọ́ ara wọn dín in kù nígbà tí wọ́n rí nọ́ńbà náà.

Mo fẹ́ràn ìyẹn ju kí a máa dúró de òfin. Òfin omi orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1993 gba onílẹ̀ láàyè láti fa omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Àbádòfin tuntun tó fẹ́ mú ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ bóhóòlù wọlé dá awuyewuye ńlá sílẹ̀ lọ́dún 2020, ìbẹ̀rù pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ àti odò lọ́wọ́ oníǹkan sì bo ọ̀rọ̀ omi gan-an mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúgbò kan kò nílò àbádòfin kí ó tó so okùn mọ́ garawa. Kànga mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní àdúgbò kan, ọjọ́ kan lóṣù, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi, kí wọ́n wọn ọ́n láti etí kànga dé ojú omi. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe é. Láàárín ọdún méjì, ẹ ó ti mọ̀ bóyá oṣù kẹta ọdún yìí rẹlẹ̀ ju ti èṣí lọ, ẹ ó sì ní ohun tí ẹ lè gbé ka iwájú ẹni tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá mìíràn sílẹ̀ ní àdúgbò yín.

Ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Páànù tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 150 ń gba òjò tó lítà 195,000 lọ́dún. À ń jẹ́ kó ṣàn lọ sínú gọ́tà, lórí ìńtálọ́ọ̀kì tí kò jẹ́ kí ẹ̀kán rẹ̀ wọlẹ̀. Ẹ gba díẹ̀ sínú táńkì, ẹ gbẹ́ kòtò fún ìyókù, kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kó jìnnà sí sókàwéè, kí omi náà lè wọlẹ̀. Kí ìjọba náà sì jẹ́ kí omi inú àwọn dáàmù wa, Èro, Ẹ̀gbẹ̀, Ùrèjé àti Ìtapájì, dé ilé. Gbogbo ilé tí omi ẹ̀rọ bá dé, ẹrù ti dín lórí àpáta nìyẹn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbẹ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn yìí, kí ó gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ kó tó san owó tó kù: ibi tí erùpẹ̀ parí sí, ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀, mítà tí omi ti yọ, ibi tí omi dúró sí, iye tó jáde nígbà ìdánwò, àti oṣù tí wọ́n ṣe é. Kí ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń mójú tó omi nípìnlẹ̀ wa, kí ó fún aládùúgbò rẹ̀ ní ọ̀kan. Tí ihò náà bá sì gbẹ, kí ó má ṣe ya ìwé rẹ̀ dànù nítorí ìbínú. Ìwé ihò méjì tí ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́ tí kò sí omi, ẹni tó ra ilẹ̀ tó kángun sí tirẹ̀ ti wá yá a wò.